Ẹ Fẹ́ Lọ Jókòó Pẹ̀lú Tẹ́rápísìtì? Ìbéèrè Tí Mo Máa Ń Gbọ́ Jù àti Ìdáhùn Wọn

Tẹ́rápísìtì ni mí. Àwọn ìbéèrè yìí ni wọ́n máa ń bi mí lórí fóònù kí wọ́n tó wá, lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó jókòó, àti nígbà tí wọ́n bá ti wá lẹ́ẹ̀mẹta tí ojú ti là. Gbogbo àpẹẹrẹ tó wà nísàlẹ̀, èmi ni mo hun wọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni tó jókòó lọ́dọ̀ mi kò sí níbẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní tẹ́rápì gan-an?

Ìtọ́jú ni, ọ̀rọ̀ sísọ sì ni oògùn rẹ̀. Ẹ̀yin àti ẹnì kan tó kọ́ṣẹ́ náà, ìyẹn tẹ́rápísìtì, á máa pàdé lọ́jọ́ kan náà, lákòókò kan náà, ẹ ó jọ máa tú ohun tó ń dà yín láàmú palẹ̀: ìsoríkọ́, ìpayà, ọ̀fọ̀ tí kò fẹ́ tán lára, ìwà tí ẹ ti búra pé ẹ ò ní hù mọ́ tí ẹ tún ń hù. Ti ẹnì kan ṣoṣo ni mò ń sọ níbí o. Ti tọkọtaya àti ti ẹgbẹ́ ní ìlànà tiwọn.

Ẹ gbàgbé àga gbọọrọ inú fíìmù. Dókítà kan tó ń jẹ́ Sigmund Freud ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀ ní Vienna: aláìsàn á dùbúlẹ̀, òun á jókòó sẹ́yìn orí rẹ̀ níbi tí wọn ò ti ní rí i. Ní ọ̀pọ̀ ibi lónìí, àga méjì ni, páálí tíṣù kan, àti aago kan tí ẹ̀yin méjèèjì lè rí.

Ṣé kì í ṣe àwọn tó ti ya wèrè ló ń lọ síbẹ̀?

Rárá. Láti ọdún 1907 ni ilé ìtọ́jú ọpọlọ ti wà ní Yábàá. Títí dòní, bí ẹnì kan bá ṣe bákan ní Èkó, wọ́n á ní "Yaba Left" ló ti ń bọ̀. L'Ábẹ́òkúta, Àró ni wọ́n á dárúkọ. Ẹ̀gàn yẹn ló ń jẹ́ kí èèyàn máa yọ́ lọ síbi tó yẹ kó rìn gbangba lọ.

Àwọn tó ń wá ni tíṣà, oníṣòwò, akẹ́kọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì, bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì. Wọ́n ń jí lọ síbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó fura. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ kì í sì í ṣe pé "mo ní ìsoríkọ́". Wọ́n á ní "orí mi ń gbóná", "ó dà bíi pé nǹkan ń rìn nínú orí mi", "àyà mi ń já ṣáá", "bí mo bá ti jí ní aago mẹ́ta òru, oorun ti lọ nìyẹn". Wọ́n ti yẹ ibà wò, wọ́n ti yẹ táífọ́ọ̀dù wò, wọ́n ti wo ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Nǹkan wà ńbẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ò lè fi hàn.

Dókítà ọpọlọ, saikọ́lọ́jísìtì, kánsẹ́lọ̀: ta ni kí n lọ bá?

Dókítà ọpọlọ ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn bíi dókítà yòókù kó tó wá kọ́ ti ọpọlọ lé e. Òun ló lè kọ oògùn fún yín. Saikọ́lọ́jísìtì ilé ìwòsàn kọ́ nípa èrò àti ìhùwàsí èèyàn ní yunifásítì. Kì í kọ oògùn, ọ̀rọ̀ àti àyẹ̀wò orí ìwé ni irinṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ "kánsẹ́lọ̀" àti "tẹ́rápísìtì" ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, nítorí ẹni tó kàwé fún ọdún mẹ́fà ń jẹ́ ẹ, ẹni tó ṣe kọ́ọ̀sì ọjọ́ méjì náà ń jẹ́ ẹ. Ẹ bi í: níbo lẹ ti kọ́ṣẹ́? Ta ló ń bójú tó iṣẹ́ yín? Ẹgbẹ́ wo lẹ wà? Ẹni tí ìbéèrè yẹn bá bí nínú ti dá yín lóhùn.

Bí ẹ bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, tàbí tí oorun ò kan ojú yín fún ọjọ́ mélòó kan tí agbára sì ń hó nínú yín, tàbí tí oúnjẹ ò lọ lọ́fun mọ́, ọ̀dọ̀ dókítà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń lo oògùn, wọ́n sì ń ṣe tẹ́rápì pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀kan kì í lé èkejì jáde.

Ibo ni mo ti lè rí wọn?

Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Yábàá àti Àró. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní UCH n'Íbàdàn, ní LUTH n'Ídì-Àrábà, àti nílé ìwòsàn yunifásítì tó wà n'Ílé-Ifẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ẹ béèrè ẹ̀ka kánsẹ́lìn ilé ìwé yín kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní England, ẹ lè fi orúkọ ara yín sílẹ̀ fún NHS Talking Therapies láìkọ́kọ́ rí GP, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì lè béèrè ògbufọ̀.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́?

Ìbéèrè ló máa ń pọ̀ jù. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ta lẹ jọ ń gbé? Báwo lẹ ṣe ń sùn, báwo lẹ ṣe ń jẹun, ṣé ẹ ń mutí? Ṣé irú ẹ̀ ti ṣe ẹnikẹ́ni nínú ẹbí rí? Kí lẹ ti gbìyànjú? Tẹ́rápísìtì á sọ bó ṣe ń pa àṣírí mọ́ àti ibi tí àṣírí náà mọ, ẹ ó fọwọ́ síwèé.

Ó lè fún yín ní PHQ-9, ìwé tí wọ́n fi ń yẹ ìsoríkọ́ wò, kí ẹ kọ ìdáhùn sí i. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá. Ẹ ó fi 0 dé 3 dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ tó ga jù jẹ́ 27. Ìkẹsàn-án ń béèrè bóyá ó ti wá sí yín lọ́kàn pé ikú yá jù. Gbogbo èèyàn ni wọ́n ń bi, kì í ṣe pé wọ́n rí nǹkan lójú yín.

Ẹ má retí pé wàhálà máa tán lọ́jọ́ náà. Ẹlòmíì tiẹ̀ máa ń fi orí fífọ́ lọlé. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò pọn dandan kẹ́ ẹ sọ gbogbo ẹ̀. Tí ìbéèrè kan bá wúwo jù, "ẹ jẹ́ ká ṣì fi ìyẹn sílẹ̀ ná" tó ní ìdáhùn.

Èdè wo la máa sọ?

Èyí tí ẹ fi ń bá ara yín sọ̀rọ̀ nígbà tí kò sẹ́nì kankan nítòsí. Ká ní ọkùnrin kan wà tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ròyìn ikú bàbá rẹ̀ bí ẹni ń ka ìròyìn agogo mẹ́sàn-án: ọjọ́ yìí, wọ́ọ̀dù yìí, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí wọn lára. Lọ́sẹ̀ kẹta, mo bi í ní ohun tí bàbá náà bá a sọ kẹ́yìn. Ó yà sí Yorùbá kó tó mọ̀: "Wọ́n ní, ṣó o ti jẹun?" Ibẹ̀ ni ohùn ti já.

Òdìkejì náà wà. Ọ̀rọ̀ ara, ọ̀rọ̀ ibùsùn, ohun tí wọ́n fi ipá ṣe fúnni, ẹlòmíì ò lè fi Yorùbá pè é nítorí wọ́n tọ́ ọ kó má ṣe pè é. Kó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́. Àmúlùmálà ò burú níbẹ̀.

Ní Harare, láti ọdún 2006, dókítà ọpọlọ kan tó ń jẹ́ Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà láti jókòó lórí bẹ́ńṣì ọgbà ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa fi ọ̀nà tẹ́rápì gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn aráàlú. Wọn ò lo orúkọ òyìnbó fún àìsàn náà. Kufungisisa ni wọ́n ń pè é ní èdè Shona, ìyẹn ríronú jù. Nígbà tí wọ́n ṣèwádìí rẹ̀, èyí tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016, ara àwọn tó jókòó tì wọ́n yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Àwa tí a máa ń sọ pé "ìrònú ti fẹ́ pa á", kò yẹ kí ìyẹn ṣòro fún wa láti lóye.

Tẹ́rápísìtì mi kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Báwo la ó ṣe máa pe ara wa?

Kò sí èyí nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ wa, ojoojúmọ́ ló sì ń wọlé. Ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún jókòó síwájú ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọmọ kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n ní "pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, báwo ni iṣẹ́?" Ọmọ yẹn ló tún máa bi wọ́n, ní ogún ìṣẹ́jú sí i, nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn àti bàbá.

Tèmi ni pé mo máa ń kí bí àṣà ṣe ní ká kí, "ẹ" àti "mà" kì í sì í kúrò lẹ́nu mi. Lẹ́yìn náà ni mo máa béèrè orúkọ tí wọ́n fẹ́ kí n máa pe àwọn. Ìdáhùn ìbéèrè yẹn máa ń kọjá ohun tí mo béèrè. Ẹ wo obìnrin tí wọ́n ti ń pè ní "ìyá lágbájá" fún ogójì ọdún, tó wá dákẹ́ díẹ̀, tó ní orúkọ òun gan-an ni kí n máa pe òun nínú yàrá yìí, kó wá rẹ́rìn-ín bí ẹni jí nǹkan.

Ti ọ̀dọ́ tó jókòó síwájú àgbà tún le ju ìyẹn. "Bẹ́ẹ̀ ni sà" lá máa fi dá gbogbo ọ̀rọ̀ lóhùn, yálà ọ̀rọ̀ náà bá a mu tàbí kò bá a mu, nítorí ojú ń tì í láti já àgbà nírọ́. Ọjọ́ tó bá lè sọ pé "rárá sà, kò rí bẹ́ẹ̀", ọjọ́ yẹn ni mo máa ń kà pé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí tẹ́rápísìtì mi kì í gbà mí nímọ̀ràn?

Ẹ̀sùn tó wọ́pọ̀ jù nìyí. "Mo sanwó, mo tú gbogbo ẹ̀ jáde, ó wá ń bi mí pé kí ni mo rò pé ó fà á. Tí mo bá mọ̀, ṣé màá wá ni?" Mo gbà. Nílé wa, ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ lọ bá àgbà, ìdájọ́ ló lọ gbà. Àgbà á gbọ́ tọ̀tún-tòsì, á ní "ìwọ lo jẹ̀bi", á ní kí onítọ̀hún dọ̀bálẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

Àmọ́ ẹ ka iye ìmọ̀ràn tí ẹ ti gbà lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an: ti ẹ̀gbọ́n, ti pásítọ̀, ti ọ̀rẹ́, ti Facebook. Ká ní ìmọ̀ràn lè tán an, ì bá ti tán. Èyí tó kù nílẹ̀ ni ohun tó ń dì yín lọ́wọ́ mú tí ẹ ò fi lè lo ìmọ̀ràn tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé ó dáa. Ohun yẹn la jọ ń wá.

Àpẹẹrẹ kan. Obìnrin kan ní àbúrò tó ń yá owó lọ́wọ́ rẹ̀ tí kì í dá a padà. Gbogbo ayé ti ní kó máa sọ pé rárá. Òun náà mọ̀. Mo bi í pé kí ló máa ń ṣe é ní ìṣẹ́jú tí fóònù àbúrò bá wọlé. Ó ní ọ̀fun òun máa ń há. Ìgbà wo ni ọ̀fun yẹn ti kọ́kọ́ há bẹ́ẹ̀? Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní etí ibùsùn ìyá àwọn ni, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lòun, màmá ní "mo fi àbúrò rẹ lé ọ lọ́wọ́ o". Ẹ sọ fún mi, "má yá a lówó mọ́" wo ló fẹ́ tú ìyẹn? Ẹ̀jẹ́ ló ń san látìgbà yẹn. Nígbà tó rí i pé ẹ̀jẹ́ ni, ó wá lè bi ara rẹ̀ bóyá ohun tí ìyá rẹ̀ ní lọ́kàn nìyẹn.

Ìgbà kan wà tí a gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ gbàù. Bí ọkọ bá ń lù yín, tàbí tí ẹ fẹ́ dá oògùn dúró láìsọ fún dókítà, kì í ṣe àsìkò "kí lẹ rò sí i". Tẹ́rápísìtì tí kì í sọ ohunkóhun ní tààrà láéláé, mo máa ń fura sí i.

Kí ni iṣẹ́ àmúrelé tí wọ́n máa ń fúnni?

Ó wà pàápàá nínú irú tẹ́rápì tí wọ́n ń pè ní CBT, tó ń yẹ èrò àti ìwà èèyàn wò. Aaron Beck, dókítà ọpọlọ ní Philadelphia, ló gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ láàárín 1960 sí 1970, nígbà tó ṣàkíyèsí pé èrò kan máa ń sáré kọjá lórí aláìsàn kí ìbànújẹ́ tó dé, onítọ̀hún kì í sì í yẹ èrò náà wò. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ mú èrò yẹn, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ìwé náà ṣe ń rí rèé. Ohun tó ṣẹlẹ̀: mo kí ọ̀gá mi ní "ẹ káàárọ̀ mà", wọn ò dáhùn. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn: wọ́n fẹ́ dá mi dúró níṣẹ́. Bí ìpayà náà ṣe tó: 85 nínú 100. Ẹ̀rí tó gbè é: wọn ò rẹ́rìn-ín sí mi láti ọjọ́ Ajé. Ẹ̀rí tó ta kò ó: fóònù wà létí wọn, àná ni wọ́n gbé iṣẹ́ tuntun fún mi, wọn ò kí akọ̀wé náà. Bí ìpayà náà ṣe tó báyìí: 40. Kò di òdo. A ò sọ pé kó di òdo.

Bó bá jẹ́ ìbẹ̀rù ibì kan ni, ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ àmúrelé máa ń gbà. Ẹni tí ìpayà mú nínú dáńfó lórí afárá Third Mainland, tó fẹ́ẹ̀ tó kìlómítà 12, á máa yípo gba ojú ọ̀nà Ìkòròdú láti ọjọ́ náà. A ó ní kó kọ́kọ́ dúró ní Òwòróǹṣòkí kó wò ó lásán, kó tó bá ẹnì kan gùn ún lọ́jọ́ Àìkú tí kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kó tó wá dá gùn ún. Kò gbọdọ̀ sáré kúrò nígbà tí àyà bá ń já. Ó ní láti dúró kó rí i pé ó máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo máa lọ, báwo ló sì ṣe máa ń pẹ́ tó?

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. CBT sábà máa ń gba ìjókòó 6 sí 20. Ọgbẹ́ tó ti wà láti kékeré lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bi tẹ́rápísìtì yín lọ́sẹ̀ kẹrin pé ibo la dé. Ó yẹ kó ní ìdáhùn.

Tí ẹ bá fi ogún ìṣẹ́jú pẹ́, ogún ìṣẹ́jú ti lọ nìyẹn, ẹlòmíì ń bọ̀ lẹ́yìn yín. Ẹ má sì fi gbòǹgbò ọ̀rọ̀ pa mọ́ di ìgbà tí ọwọ́ bá ti kan ilẹ̀kùn. Ó wọ́pọ̀ gan-an: èèyàn á sọ ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 48, á dìde, á gbé báàgì, á wá ní "ẹ̀n ẹ́n, ọkọ mi ti kó jáde o".

Èló ni?

Ó yàtọ̀ láti ibì kan sí ibì kan. Ti ìjọba dínwó ju ti aládàáni lọ. Ẹ béèrè lórí fóònù kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gba owó tí ẹ bá pa ọjọ́ jẹ, ẹ sì bi HMO yín, ìyẹn ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera. Kò sóhun ìtìjú nínú kẹ́ ẹ ní "agbára mi ò ká a, ṣé ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì-méjì?"

Ṣé ó ṣeé ṣe lórí fóònù?

Ó ṣeé ṣe, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìṣòro ibẹ̀ ni yàrá. Nílé tí èèyàn mẹ́jọ ń gbé, ibo lẹ ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó bàbá yín? Àwọn kan máa ń jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n páàkì. Ẹ lo ẹ́ẹ̀píìsì, kẹ́ ẹ sì ti fẹnu kò sí ẹni tó máa pe ìkejì padà bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ láàárín ẹkún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ámẹ́ríkà tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ́rápísìtì tó gbọ́ Yorùbá, ẹ rántí pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fún wọn níwèé àṣẹ. Ẹ béèrè bóyá tiẹ̀ dé ìpínlẹ̀ tí ẹ wà.

Tí mo bá sunkún ńkọ́? Tí mi ò bá rí nǹkan sọ?

Ẹ sunkún. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Tí ẹ ò bá sì rí nǹkan sọ, a ó dákẹ́ pọ̀. Ìṣẹ́jú méjì ìdákẹ́jẹ́ máa ń gùn bí ọ̀nà oko, ṣùgbọ́n kì í pààyàn.

Ṣé tẹ́rápísìtì máa sọ ọ̀rọ̀ mi síta?

"Má finú han èèyàn" ni wọ́n fi tọ́ wa, nítorí náà mi ò bínú sí ẹni tó bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ohun tí ẹ bá sọ kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Ibi tí àṣírí mọ ni kẹ́ ẹ mọ̀ láti ọjọ́ kìíní: bí ẹ̀mí yín tàbí ti ẹlòmíì bá wà nínú ewu gidi, bí wọ́n bá ń hùwà ìkà sí ọmọdé, tàbí bí ilé ẹjọ́ bá pa á láṣẹ. Tẹ́rápísìtì tún lè bá ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ jíròrò, láìdárúkọ yín.

Ẹ bi í pé ibo ni àkọsílẹ̀ yín ń gbé, ta ló ní kọ́kọ́rọ́. Bó bá sì ń fi ìtàn aládùn ẹlòmíì dá yín lára yá, ẹ gbé báàgì yín. Lọ́la, ẹ̀yin ni ìtàn.

Ìyá mi ló ń sanwó. Ṣé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí mo sọ?

Bí ẹ bá ti pé ọdún méjìdínlógún, rárá. Owó ra ìjókòó, kò ra ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìyá ò ní fara mọ́ ọn. Wọ́n á pè mí: "Ṣé ó dárúkọ mi? Ṣé ó ti ń jẹun?" Ìdáhùn mi ò yí padà: "Ẹ bi í fúnra yín mà, inú ẹ̀ á dùn." Ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún, a máa ń bá òbí àti ọmọ fẹnu kò ṣáájú sí ohun tí òbí máa gbọ́ àti èyí tí kò ní gbọ́.

Mo rí tẹ́rápísìtì mi níbi ìnáwó, kò kí mi. Kí ni mo ṣe fún un?

Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Òfin iṣẹ́ wa ni pé a ò gbọdọ̀ kọ́kọ́ kí yín níta, nítorí ẹni tó dúró tì yín lè béèrè pé "níbo lẹ ti mọra?" Ní ìlú òyìnbó, kékeré nìyẹn. Lọ́dọ̀ wa, kí èèyàn rí ẹni tó jù ú lọ kó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, àrífín gbáà ni. Mo ti gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rí lábẹ́ tẹ́ǹtì aṣọ ẹbí, mo mọ bó ṣe ń ta lára.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní. Bí ẹ bá kí mi, màá kúnlẹ̀ dáhùn. Bí ẹ ò bá kí mi, mi ò rí yín rí. Bí ẹnì kan bá bi yín, "a jọ pàdé níbi iṣẹ́ kan" ti tó.

Ṣé mo lè máa lọ bá pásítọ̀, ààfáà tàbí babaláwo lọ?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti dá ètò abúlé Àró sílẹ̀ láti 1954: àwọn aláìsàn ń gbé pẹ̀lú ará abúlé, wọ́n ń bá wọn ṣiṣẹ́ oko, ẹbí wà lọ́dọ̀ wọn, ó sì gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra nínú iṣẹ́ náà. Gbogbo ayé wá wò ó. Ẹ jẹ́ kí tẹ́rápísìtì mọ ibi tí ẹ tún ń lọ, pàápàá bí wọ́n bá fún yín ní àgbo tàbí ààwẹ̀ tó lè pa oògùn dókítà lára. Ibi tí wọ́n bá ti ní kẹ́ ẹ sọ oògùn nù, tàbí tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de èèyàn mọ́lẹ̀, ẹ sá níbẹ̀.

Kí ló dé tó jẹ́ pé ó tún le sí i lẹ́yìn tí mo bẹ̀rẹ̀?

Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Egbò tí ẹ ti bò mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, nígbà tí wọ́n bá ṣí i, á ta. Àlá lè pọ̀, ẹkún lè sún mọ́ tòsí. Ẹ sọ ọ́ níbẹ̀, kí tẹ́rápísìtì lè rọra. Àmọ́ bí oṣù méjì bá kọjá tí ẹ ò rí ìyàtọ̀ kankan, tàbí tó jẹ́ ẹ̀rù ìjókòó náà ló ń bà yín jù, ìyẹn kì í ṣe egbò tó ń ta. Ọ̀nà ìtọ́jú náà lè má bá yín mu.

Mi ò fẹ́ràn tẹ́rápísìtì mi. Ṣé mo lè pa á tì?

Ẹ lè pa á tì. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tó dùn yín fún un lójúkojú, bí ẹ bá lè ṣe é. Àwa Yorùbá a máa ń fi àìwá bínú: fóònù á máa dún, a ò ní gbé e. Bí ẹ bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀gá, sí àna, sí ọ̀rẹ́, yàrá yìí ni ibi tí ó rọrùn jù láti dán ọ̀nà mìíràn wò.

Ọkàn mi ti ń fà sí tẹ́rápísìtì mi. Ṣé nǹkan ń ṣe mí ni?

Ó wọ́pọ̀. Ẹni tó ń gbọ́ yín láìjá ọ̀rọ̀ gbà mọ́ yín lẹ́nu, láìwo fóònù, ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ṣé ọkàn ò ní fà sí i? Ẹ lè sọ ọ́. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń gbọ́ ọ láìdójú tini. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ láéláé ni kí òun náà dá ìfẹ́ yẹn padà. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ pa yín lára, kò gbọdọ̀ ní kẹ́ ẹ wá sílé òun lálẹ́, kò gbọdọ̀ ní ìyẹn wà lára ìtọ́jú. Bó bá ṣe é, òun ló jẹ̀bi, ẹ fẹjọ́ sun ibi iṣẹ́ rẹ̀ àti ẹgbẹ́ tó wà.

Mo ti ronú láti gba ẹ̀mí ara mi. Bí mo bá sọ ọ́, ṣé wọ́n á pe ọlọ́pàá?

Ẹ sọ ọ́. Ẹ̀rù òfin ló ń pa ọ̀pọ̀ lẹ́nu mọ́, ó sì nídìí: abala 327 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà, Criminal Code, sọ pé ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan jura. Ṣùgbọ́n ìgbìyànjú ni òfin yẹn dárúkọ. Èrò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí iṣẹ́ tí tẹ́rápísìtì ní pẹ̀lú ọlọ́pàá nítorí èrò. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, òfin ti ní ilé ìwòsàn ni kí ilé ẹjọ́ dá onítọ̀hún sí. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023 sì ti rọ́pò ti 1958, èyí tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń pe aláìsàn ní wèrè.

Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé a ó béèrè: ṣé èrò lásán ni, àbí ẹ ti mọ bí ẹ ṣe fẹ́ ṣe é? Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ lò wà nílé? Ta lẹ lè pè lóru? A ó jọ kọ ọ́ sínú ìwé kan tí ẹ máa fi sápò. A lè ní kí ẹnì kan bá yín kó gámálíìnì tàbí oògùn kúrò nílé fún ìgbà díẹ̀. Bí ewu bá ti sún mọ́ gan-an nìkan ni a ó ní ẹ gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn lónìí, a ó sì pe ẹni yín kan.

Bó bá jẹ́ pé alẹ́ yìí ni, tí ẹ ò tíì ní tẹ́rápísìtì, ẹ má dá wà. Ẹ lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, tàbí kẹ́ ẹ pe 112 ní Nàìjíríà, 988 l'Ámẹ́ríkà, 116 123 ní Britain.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti parí?

Ẹ ó kàn rí i pé ẹ ti ń dá ṣe é. Ọ̀gá ò dáhùn "ẹ káàárọ̀", ẹ ti bi ara yín ní ìbéèrè náà kẹ́ ẹ tó dé tábìlì yín. Fóònù àbúrò wọlé, ọ̀fun ò há. Ẹ máa ń gbàgbé pé ọjọ́ ìjókòó ti pé. A ó wá sún un sí ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, sí oṣù, ká tó dágbére.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé iṣu wá lọ́jọ́ ìdágbére, ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ilé iṣẹ́ kan kì í gbà á, òmíràn ń gba ohun kékeré. Lẹ́tà ni mo máa ń sọ pé mo fẹ́.

Ṣé mo lè padà wá bó bá tún dé?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ pè, fáìlì yín ṣì wà ńbẹ̀.